Ẹyin Iná: Bàbá Mi àti Ẹ́ńjìnnì Qianjin

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni bàbá mi wá kí wa ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa láìrí ohun tó mú ojú wọn tàn. A mú wọn lọ sí ilé ìtajà ńlá, a mú wọn lọ sí etí odò. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ dára, wọ́n sì padà wá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wo títì tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ tí mo kà á sí wọn létí nínú ìwé ìròyìn pé ẹ́ńjìnnì eléèédú méjì láti ilẹ̀ Ṣáínà máa fa ọkọ̀ ojú irin kọjá lágbègbè wa, mi ò tíì kà á tán tí wọ́n fi dìde lọ wá bàtà wọn.

Rélùwéè ni bàbá mi fi ayé wọn ṣe. Ọdún 1961 ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Kílínà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi àkísà àti òróró nu ara ẹ́ńjìnnì lóru títí tí yóò fi máa dán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di fáyámàn, ẹni tó ń bọ́ iná, kí wọ́n tó wá di dírẹ́bà. Orí àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River class ni ṣọ́bìrì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ wọn di awọ. Títí di àkókò tí mò ń wí yìí, tí wọ́n bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá rò pé pákó lo dì mú.

A dúró síbi tí ọ̀nà mọ́tò ti gba orí ojú irin kọjá, oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko sóyà lósì. Àwọn èèyàn ti kún bèbè ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó ń bọ̀. Kí etí tó gbọ́ ohunkóhun, mo rí i tí bàbá mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni èéfín yọ lókè orí àgbàdo. Fèrè rẹ̀ dún, ohùn tó kún, tó wúwo. Nígbà tó fi máa dé iwájú wa, méjì ni wọ́n, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, dúdú kirikiri, ẹsẹ̀ irin wọn kun pupa, a fi ọ̀dà funfun yí etí rẹ̀ po. Irin pẹlẹbẹ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí etí erin. Ooru wọn fẹ́ lù wá lójú, òórùn òróró gbígbóná àti ti èédú tẹ̀lé e. Bàbá mi kò ya fọ́tò kankan. Ìka ni wọ́n nà, wọ́n ń ka ẹsẹ̀.

“Márùn-ún!” ni wọ́n kígbe nígbà tí gbogbo rẹ̀ kọjá tán. “Ẹsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ lápá kan! Tiwa, mẹ́rin ni.”

Orúkọ ẹ́ńjìnnì náà ni Qianjin, tó túmọ̀ sí “tẹ̀ síwájú”. QJ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń pè é ní ìgékúrú. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìtàn rẹ̀, mi ò sì tíì dé ibi tó sú mi.

Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Dalian, ìlú etí òkun kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Sófíẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ LV ni wọ́n wò kọ́ ọ, nígbà tí ìjọba méjèèjì ṣì ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ọdún 1956 yẹn gan-an ni Sófíẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ṣíwọ́ kíkọ́ ẹ́ńjìnnì eléèédú fún ojú irin ńlá. Ọ̀gá ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ọmọ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó tirẹ̀ jáde. Ìlú Ọba kọ́ èyí tó kẹ́yìn fún rélùwéè ìjọba wọn ní 1960. Íńdíà náà ṣíwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970. Ṣáínà ń bá Qianjin lọ ní tiwọn, ó di oṣù Kejìlá ọdún 1988 kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó fi èyí pe Ṣáínà ní ará ayé àtijọ́. Mi ò bá wọn gbà á. Ohun tí èèyàn ní lọ́wọ́ ló fi ń dáná. Èédú pọ̀ nílẹ̀ wọn bí iyẹ̀pẹ̀, epo rọ̀bì kò tó wọn pín, ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì sì ṣòro láti kọ́ fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun. Ẹ́ńjìnnì eléèédú ò nílò nǹkan abàmì: irin tó nípọn, iná, omi, àti àwọn èèyàn tó mọ irin jó, tó mọ irin rọ. Ìlú Datong ní ìpínlẹ̀ Shanxi, orí èédú ló jókòó lé. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńlá tó kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Àpapọ̀ gbogbo Qianjin tí wọ́n kọ́ ju 4,700 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ṣoṣo, irú kan náà, lọ́nà 4,700 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tò wọ́n tẹ̀léra lórí irin, èèyàn á fi mọ́tò rin ìrìn wákàtí kan kó tó dé ìdí wọn.

Orúkọ mẹ́ta ló ti jẹ́. Heping ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyẹn Àlàáfíà. Nígbà tí Ìyípadà Àṣà ti Mao Zedong, olórí Ṣáínà nígbà náà, gbòde láti 1966, àlàáfíà di ọ̀rọ̀ tí kò le tó fún àkókò náà, wọ́n wá yí i sí Fandi, ìyẹn Alòdì-sí-Amúnisìn. Ní 1971 ló di Qianjin. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé Ṣáínà ń yí, orúkọ ọmọ ń bá a yí, ọmọ fúnra rẹ̀ ń fa èédú rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ ẹsẹ̀ tí bàbá mi kà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ irin méjì kéékèèké ló wà níwájú, tó ń fọ̀nà hàn án tó bá fẹ́ yí kọ́nà. Mẹ́wàá ńlá tẹ̀lé e, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀ kí ọ̀kan má baà yí kí èkejì dúró. Méjì mìíràn wá gbé ìdí rẹ̀, lábẹ́ ààrò. Àwọn ẹsẹ̀ ńlá yẹn kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ ní gíga. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá kọ́ fún eré sísá, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í pọ̀. Èyí tó fẹ́ ru ẹrù gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kúkúrú tó pọ̀, bí alábàárù tó ti mọ̀ pé eré kọ́ ló ń gbé àpò ìrẹsì dé ilé. Ó tún ní ìdí kejì: ẹ́ńjìnnì yìí nìkan, láìka ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ru èédú àti omi, wúwo ju 130 tọ́ọ̀nù lọ. Bí ẹsẹ̀ bá kéré níye, ojú irin á ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Agbára rẹ̀ súnmọ́ ti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹṣin, kò sì gbọdọ̀ sáré kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹrù ni wọ́n bí i fún, èédú pàápàá jù lọ: èédú ló ń jẹ, èédú ló ń rù.

Wọ́n dúró bu omi ní ìlú kékeré kan níwájú. A sáré wọ mọ́tò, a lé wọn bá. Ìgbà tí mo fi máa rí ibi tí mo máa gbé mọ́tò sí, bàbá mi ti wà nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún òróró sọ̀rọ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ń ju èédú.

Ọmọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó ń jù ú. Ó tọ́ka sábẹ́, ó ṣàlàyé. Ọ̀pá irin gígùn kan wà níbẹ̀ tó lọ́ yípo, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀wà lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló ń yí i, òun ló sì ń ti èédú láti kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn wá sí ẹnu ààrò. Tó bá ti débẹ̀, ooru omi máa fẹ́ gbọ̀ọ̀ láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́, á fọ́n èédú ká sórí iná. Ààrò Qianjin tóbi kọjá ohun tí ọwọ́ ènìyàn kan lè bọ́ yó lórí òkè gígùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ronú díẹ̀. “Ṣé fáyámàn wọn wá ń jókòó ni?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ojú ló ń fi ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa wo àwọ̀ èéfín: tó bá dúdú jù, èédú ń ṣòfò, bí kò bá sì sí èéfín rárá, iná ti ń tinrín. Ó gbọ́dọ̀ máa wo gíláàsì omi. Èyí bàbá mi mọ̀ ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Omi gbọ́dọ̀ bo òrùlé ààrò nígbà gbogbo. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tí iná ń jó irin tí omi ò sí lórí rẹ̀, irin á rọ̀ bí ẹ̀bà, bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó, á sì bẹ́. Wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé fáyámàn tó sùn ti pa ara rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀, mo rò pé àsọdùn ni.

Mi ò mọ ohun tí ọmọkùnrin náà rí lójú wọn. Ó ní kí wọ́n gòkè. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n nígbà náà, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n kì í gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró. Wọ́n di irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà mú, wọ́n sì gòkè bí ẹni tí wọ́n pè wọlé sí yàrá ara rẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Inú ibẹ̀ gbóná, páìpù àti ọwọ́ irin bo gbogbo ògiri, lẹ́tà Ṣáínà sì wà lára àwọn kan tí wọn ò tíì yọ. Ọmọkùnrin náà ṣí ẹnu ààrò. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bojú, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wò ó fún ìgbà tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

“Igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì,” ni wọ́n wí. “Iná ibẹ̀ ti tinrín.”

Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ba, òun náà wò ó. Ó na ọwọ́ sí irin kékeré kan lára ògiri, ó ṣí i díẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, èédú bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí igun yẹn. Ó wo bàbá mi, ó ní, “Ẹ ṣé, ọ̀gá.”

Bàbá mi kò tíì rí Qianjin rí láyé wọn kí ọjọ́ yẹn tó mọ́.

Àwọn ẹ́ńjìnnì méjì yẹn ní nọ́ńbà, 6988 àti 7081. Ilé iṣẹ́ Railroad Development Corporation, tó ni ojú irin Iowa Interstate nígbà náà, ló rà wọ́n, tó fi ọkọ̀ òkun kó wọn wá ní ọdún yẹn. Ìkẹta, 7040, wà ní Kentucky lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ R.J. Corman, wọ́n sì yí nọ́ńbà tirẹ̀ sí 2008. Ọ̀kan náà ni fífẹ̀ ojú irin Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà, mílímítà 1,435, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣòro fún wọn láti rìn níbẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà, 1,067 ni, Qianjin ò lè fẹsẹ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ojú irin tuntun tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, 1,435 ni òun. Mo máa ń ronú pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé Qianjin kan dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta lónìí, yóò dúró lórí irin náà ṣánṣán. Ìbátan mìíràn tún wà tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows, ní Ìlú Ọba, tó kọ́ díẹ̀ nínú River class tí bàbá mi wà lórí rẹ̀, òun náà ló kọ́ ẹ́ńjìnnì ńlá 24 fún Ṣáínà ní nǹkan bí 1935. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní York títí di òní, Ṣáínà ló fi ta Ìlú Ọba lọ́rẹ. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní, “Ọmọ agbolé kan náà ni wá nígbà náà.”

Ibi tí 6988 àti 7081 ti wá gan-an ni ó yẹ kí n sọ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni Qianjin ti jà kẹ́yìn. Ní 1995, nígbà tí rélùwéè ìjọba Ṣáínà ti ń lé ẹ́ńjìnnì eléèédú kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun kan láàárín Jining àti Tongliao, ní Mọngólíà Inú tó jẹ́ ẹkùn ilẹ̀ Ṣáínà. Kìlómítà 945 ni. Jitong ni orúkọ rẹ̀, wọ́n mú un láti inú orúkọ ìlú méjèèjì. Ojú irin tuntun ni, ẹ́ńjìnnì àlòkù ni. Àwọn Qianjin tí ọ̀nà mìíràn ń jù nù ni wọ́n kó wá síbẹ̀, wọ́n fi wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹrù àti èrò.

Ní ọ̀nà yẹn ni òkè Jingpeng wà. Mi ò dé ibẹ̀ rí, mo sì ń kẹ́dùn pé mi ò dé ibẹ̀. Ojú irin náà kò lè gun òkè ní tààrà, ó yí, ó tún yí, ó gba orí afárá gíga kan tó tẹ̀ bí ọrun ní abúlé Simingyi, ó wọ ihò abẹ́ òkè, ó jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Abúlé kan wà lọ́nà tó ń jẹ́ Reshui, Omi Gbígbóná, nítorí ìsun omi gbígbóná tó wà níbẹ̀. Fún ẹrù tó wúwo, ẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i ní Iowa, wọ́n á jọ máa mí gùkẹ̀gùkẹ̀ gun òkè náà. Nígbà òtútù, tí ibẹ̀ tutù kọjá bí omi ṣe ń di yìnyín, ooru omi tó bá jáde nínú wọn á di ìkùukùu funfun, á ga, kò ní tètè tú. Àwọn ará Ìlú Ọba, ará Jámánì, ará Jàpáánù àti ará Amẹ́ríkà wá ń gun àwọn òkè yẹn nínú yìnyín láti ya fọ́tò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, dísẹ́ẹ̀lì gba ipò. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni méjì nínú wọn kọjá níwájú èmi àti bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo.

Mo ti wo fọ́tò Jingpeng tó pọ̀. Wọ́n rẹwà débi pé wọ́n ń dùn mí. Àwọn tó yà wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ orúkọ afárá. Mo mọ nọ́ńbà Qianjin tí mo lè kà sórí. Mi ò mọ orúkọ fáyámàn kan ṣoṣo nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, nínú ooru níwájú àti òtútù lẹ́yìn, tí wọ́n mọ ibi tí iná ti máa ń tinrín lórí òkè yẹn, tí wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n da omi sínú bọ́ílà kí wọ́n tó dé ihò. Bàbá mi rí igun kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nítorí pé wọ́n ti wo iná fún ọdún púpọ̀. Àwọn ará Daban, níbi tí Jitong ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yóò ti rí i kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ààrò.

Láàárín ogún ọdún tàbí díẹ̀ sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú 4,700 yẹn ti di irin àlòkù. Mi ò bínú sí ẹni tó ta wọ́n. Irin 130 tọ́ọ̀nù lówó lórí, orílẹ̀-èdè tó ń kọ́lé lójoojúmọ́ sì ń wá irin. Wọ́n fi iná gáàsì gé wọn, bí wọ́n ṣe gé ẹ́ńjìnnì tí bàbá mi lò pẹ́ jù níṣẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa ọjọ́ yẹn kò ju pé dómù orí bọ́ílà ló kọ́kọ́ já bọ́, ó sì dún bí agogo.

Àwọn tó ṣẹ́ kù ní Ṣáínà wà káàkiri. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Beijing ní Qianjin, ti Shenyang náà ní i, díẹ̀ wà ní Daban. Wọ́n nu wọ́n dáadáa, wọ́n kun ẹsẹ̀ wọn ní pupa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú wọn, mo sì mọ̀ pé láìsí irú ilé bẹ́ẹ̀ a ò ní rí ọ̀kan mọ́. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ ti kú dà bí ìlù tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Wàá rí igi, wàá rí awọ, wàá rí ọṣán. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, kí ni ọmọ tó ń wò ó máa gbọ́?

Títọ́jú èyí tí iná rẹ̀ ṣì ń jó sì ni iṣẹ́ gidi. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n tú bọ́ílà palẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 1,472 tàbí ọdún 15, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Wọ́n á yọ gbogbo páìpù inú rẹ̀, wọ́n á wọn bí irin ṣe nípọn sí níbi gbogbo. Owó ńlá ni, àkókò ńlá ni, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ sí Datong, àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ wà ní èdè Ṣáínà, ẹni tó kọ́ ọ sì wà lókè òkun. Datong fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná báyìí. Ṣùgbọ́n Qianjin ní oríire kan tí River class ò ní: kò tíì pẹ́. Ẹni tó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lórí òkè Jingpeng ní 2005 kò tíì darúgbó lónìí. Ó ṣì lè dúró nídìí ààrò, kó nawọ́. Bí mo bá ní owó tí mo lè fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbà lọ, kí n tó ra ọ̀dà pupa.

Èyí tí agbára mi ká ni mo ṣe. Nígbà tí bàbá mi padà sí Èkó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń fi wọ́n ṣeré. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè bí ọmọ iṣẹ́, wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́. Bí wọ́n ṣe ń mọ èédú Enugu tó dára nípa fífọ́ ọ. Bí ṣọ́bìrì ṣe gbọ́dọ̀ yí lójú ààrò kí èédú lè balẹ̀ síbi tí o fẹ́. Bí dírẹ́bà ṣe ń mọ̀ lára ìjókòó rẹ̀ pé ẹsẹ̀ irin ti ń yọ̀ kí ó tó gbọ́ ọ.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ohùn tí mo gbà sílẹ̀ yẹn, ó ti di alẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo lẹ́yìn ohùn wọn. Àwọn ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará Ṣáínà máa ń pa iná wọn lálẹ́ ni tàbí wọ́n máa ń bò ó.

Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

“A kì í pa á,” ni wọ́n wí. “Bọ́ílà tó bá tutù lójijì máa ń sán. Wàá kó ẹyin iná jọ sẹ́yìn, sábẹ́ ẹnu ọ̀nà ààrò gan-an. Wàá wá fi èédú kíkúnná tó lómi díẹ̀ bò ó, wàá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Wàá ti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Wàá wo gíláàsì omi, kó kún dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè lọ sùn.”

“Tílẹ̀ bá wá mọ́ ńkọ́?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún.

“Tílẹ̀ bá mọ́, wàá mú irin gígùn, wàá fi tú u láti abẹ́. Wàá rí i pé pupa ni ó wà.”